Ta Ni Ó Dalẹ̀? Èrò Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù Yunifásítì Amẹ́ríkà lórí Ìpààrọ̀ Akọ́nimọ̀ọ́gbá àti Ìṣípòpadà Eléré

1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ewì àti ìtàn àròsọ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù lónìí. Ìdáhùn mi kò gùn. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti gbọ́ ohun tí ènìyàn ń sọ, kí ó sì gbọ́ èyí tí ó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti ń yìn, tí wọ́n ń bú, tí wọ́n sì ń dárò, iṣẹ́ wa wà níbẹ̀.

Ní ọdún 2021, mo jẹ́ àlejò olùkọ́ fún sáà kan ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Onílé tí mo wọ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Láti ìgbà tí baba rẹ̀ ti ń gbé e lé èjìká lọ sí pápá ìṣeré ni ó ti ń wo bọ́ọ̀lù yunifásítì ìlú náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá, ojoojúmọ́ ni bàbá yìí ń sọ pé kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ, nítorí pé wọ́n ń pàdánù. Wọ́n lé e. Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn èyí tí mẹ́ta nínú àwọn ọ̀dọ́ eléré tí bàbá fẹ́ràn jù lọ kọ orúkọ sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ lọ sí yunifásítì mìíràn. Bàbá kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Mo bi í léèrè pé, 'Bàbá, ẹni tí ó mú àwọn ọmọ yìí wá síbí ńkọ́, ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín ní kí wọ́n lé?' Ó wò mí títí, ó ní, 'Ìyẹn yàtọ̀.'

Ìgbìyànjú ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí jẹ́ láti wádìí bóyá ó yàtọ̀ lóòótọ́, àti bí ó bá yàtọ̀, ọ̀nà wo ni ìyàtọ̀ náà gbà.

2. Ohun tí olólùfẹ́ ń pè ní 'àwa'

Bọ́ọ̀lù tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí àwa ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń gbé e sáré, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jù ú. Ènìyàn 11 ní ń dojú kọ ènìyàn 11. Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Kọkànlá, ọdún 1869, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Rutgers pàdé àwọn ti Princeton ní ìlú New Brunswick nínú ìdíje tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ láàrin yunifásítì méjì. Rutgers ni ó borí. Eré ọ̀sán kan láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà náà. Lónìí, pápá ìṣeré Yunifásítì Michigan ní ìlú Ann Arbor gba ènìyàn tí ó lé ní 107,000. Àwọn ìpínlẹ̀ kan sì wà, bí Alabama àti Nebraska, tí kò ní ẹgbẹ́ kankan nínú ìdíje àgbà àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ń fi eré náà ṣiṣẹ́ jẹ. Ní irú ibẹ̀, ẹgbẹ́ yunifásítì ni ẹgbẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀: àgbẹ̀ tí kò dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí a máa wọ aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ èdè kọ́kọ́ kíyè sí lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. 'Àwa' ni ó máa ń lò. 'A borí wọn ní ọdún báyìí', bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì bí i ní ọdún náà. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí a bá ń ki oríkì orílẹ̀ ẹnì kan, ogun tí baba ńlá rẹ̀ jà ni à ń kà sí i lọ́rùn, orí ẹni náà a sì wú bí ẹni pé òun ni ó gbé ọ̀kọ̀. Ìdílé ni a ń kì, ẹni tí ó dúró níwájú wa kàn jẹ́ ojú ìdílé náà lọ́jọ́ òní ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni olólùfẹ́ ṣe ń wo ẹgbẹ́ rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni baba ilé; eléré ni ọmọ ilé; òun fúnra rẹ̀ ni ìbátan tí ó jókòó sí àgbàlá, tí ó ń ṣọ́ orúkọ ilé kí ó má bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ojú tí òfin àti owó fi ń wo ilé kan náà yàtọ̀. Lójú wọn, òṣìṣẹ́ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, ìwé àdéhùn ni ó so ó mọ́ ibẹ̀. Láàrin ojú méjèèjì yìí, ti ìdílé àti ti iṣẹ́, ni gbogbo ìjà tí à ń gbọ́ ti ń bẹ́ sílẹ̀.

3. Baba tí ń ṣí lọ

Ó ti pẹ́ tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń ṣí kiri. Ní Oṣù Kìn-ín-ní, 2010, Lane Kiffin fi Tennessee sílẹ̀ lẹ́yìn sáà kan ṣoṣo, ó gba Southern California lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta lóru, wọ́n sì dáná sun tìmùtìmù ibùsùn. Ní ìparí Oṣù Kọkànlá, 2021, láàrin ọjọ́ mẹ́ta péré, Lincoln Riley fi Oklahoma sílẹ̀ lọ sí Southern California, Brian Kelly sì fi Notre Dame sílẹ̀ lọ sí Louisiana State lẹ́yìn sáà 12. Ní ọjọ́ tí Kelly ń lọ, ìrètí ṣì wà pé ẹgbẹ́ tí ó fi sílẹ̀ lè wọ ìdíje àṣekágbá.

Louisiana State lé Kelly fúnra rẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá, 2025. Ta ni wọ́n lọ mú? Lane Kiffin kan náà ni, ẹni tí ó wà ní Mississippi nígbà náà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti borí nínú ìdíje 11, ó sì pàdánù ẹyọ kan. Àṣekágbá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní ọgbọ̀njọ́ Oṣù Kọkànlá ni ó kéde pé òun ń lọ. Yunifásítì náà kò jẹ́ kí ó darí àwọn ọmọ náà mọ́. Igbákejì rẹ̀, Pete Golding, ni wọ́n fi jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀gbẹ́ kejì owó ẹyọ náà. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣe ń ṣí lọ ni wọ́n ṣe ń lé e, ariwo olólùfẹ́ sì wà lára ohun tí ń lé e. Ní Oṣù Kọkànlá, 2023, Texas A&M lé Jimbo Fisher. Owó tí ìwé àdéhùn rẹ̀ fi dandan lé lórí kí wọ́n san fún un lé ní mílíọ̀nù 75 dọ́là, owó iṣẹ́ tí kò ní ṣe. Bí baba bá lọ, ó lówó lọ́wọ́. Bí wọ́n bá lé e, ó lówó lọ́wọ́.

Àpẹẹrẹ tí ó là mí lójú jù lọ ni ti Oṣù Kìn-ín-ní, 2024. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà, Nick Saban, tí ó ti gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè mẹ́fà fún Alabama, fẹ̀yìn tì. Kò dá ẹnikẹ́ni. Ẹni ọdún 72 ni, ó ti rẹ̀ ẹ́. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, Alabama mú Kalen DeBoer láti Washington, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá àṣekágbá pẹ̀lú Michigan. Washington mú Jedd Fisch láti Arizona. Arizona mú Brent Brennan láti San José State. Àgbà kan ṣoṣo jókòó sílẹ̀ láti sinmi, ilé mẹ́rin mì. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọ̀dọ́ ti jí láàárọ̀ tí wọn kò bá ẹni tí ó wọlé tọ àwọn òbí wọn láti tọrọ wọn. Òfin ìgbà náà fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti pinnu bóyá wọn yóò dúró tàbí wọn yóò lọ. Ọ̀pọ̀ lọ. Caleb Downs, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó dára jù lọ ní Alabama, kọjá sí Ohio State, Ohio State sì gba ife-ẹ̀yẹ ní Oṣù Kìn-ín-ní, 2025. Ìbéèrè mi nìyí: nínú ẹ̀wọ̀n ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ìgbésẹ̀ kelòó ni ọ̀dàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

4. Ọmọ tí kò gbọdọ̀ ṣí

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin NCAA, ìyẹn ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso eré yunifásítì níbẹ̀, ni pé eléré bọ́ọ̀lù tí ó bá fi yunifásítì kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn tí wọ́n jọ wà nípò gíga yóò jókòó fún ọdún kan gbáko kí ó tó lè gbá bọ́ọ̀lù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í jókòó fún ọjọ́ kan. Ọ̀dọ́ náà ń rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà, ó ń jẹ, ó ń sùn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba owó lórí orúkọ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yunifásítì ń ta ẹ̀wù tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ àlàyé yìí, ìwọ̀fà ni ó wá sí mi lọ́kàn. N kò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, nítorí kò sí gbèsè baba tí ọmọ ń sìn níhìn-ín, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi tayọ̀tayọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí wọ́n ti jọra: ẹni tí ó ni oko lè yí ọkàn padà nígbàkígbà, ẹni tí ń ro oko kò lè yí i padà láìsan ohun kan. Ohun tí ọ̀dọ́ náà ń san ni ọdún kan nínú bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó ní láti fi gbá bọ́ọ̀lù yunifásítì láyé rẹ̀.

Ìyípadà dé ní ìpele ìpele. Ní Oṣù Kẹwàá, 2018, wọ́n dá àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní transfer portal sílẹ̀: eléré a kọ orúkọ sí i, yunifásítì yòówù tí ó bá wù ú a sì lè bá a sọ̀rọ̀. Ní Oṣù Kẹrin, 2021, wọ́n gbà pé ó lè ṣí lẹ́ẹ̀kan láìjókòó. Ní Oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan lòdì sí NCAA lórí díwọ̀n àǹfààní tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ tí eléré lè gbà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Keje, eléré bẹ̀rẹ̀ sí gba owó lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀. Ní 2024, wọ́n mú òǹkà kúrò: bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ti gún, ó lè ṣí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láìjókòó. Ní Oṣù Kẹfà, 2025, ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tí ó jẹ́ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè san owó fún àwọn eléré rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí gbèdéke rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là.

Nítorí náà, ohun tí olólùfẹ́ rí láàrin ọdún méje ni pé ọmọ ilé di ẹni tí ó lè ṣe ohun tí baba ilé ti ń ṣe tipẹ́tipẹ́. Inú bí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣípòpadà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i ni ó pọ̀ sí i.

A kò sì gbọdọ̀ rò pé gbogbo ẹni tí ó lọ ni ó fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ. Nígbà tí Deion Sanders dé Colorado ní Oṣù Kejìlá, 2022, ó sọ fún àwọn tí ó bá níbẹ̀ ní ìpàdé àkọ́kọ́ pé kí wọ́n máa kọ orúkọ sínú àkọsílẹ̀ náà, nítorí ó ń kó tirẹ̀ bọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì lọ. Lára àwọn tí ó kó wá láti Jackson State ni Travis Hunter, tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Heisman ní 2024. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nínú àwọn tí ń lọ, owó ni ó ń fa òmíràn, ìjókòó láìgbá ni ó ń lé òmíràn, ẹlòmíràn sì wà tí ọ̀gá tuntun ti fi ẹnu ọ̀nà hàn án.

5. Ọ̀ràn Olusegun Oluwatimi

Ẹ jẹ́ kí á mú ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ kò ṣòro fún wa láti pè. Olusegun Oluwatimi dàgbà ní ìpínlẹ̀ Maryland. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí pápá ni ti ẹni tí ó wà láàrin gbùngbùn ìlà iwájú, tí ó ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sẹ́yìn láti ilẹ̀, tí ó sì ń fi àyà gba ọ̀tá dúró. Iṣẹ́ tí olólùfẹ́ kì í sábà yìn ni. Ìgbà tí ó bá kùnà ni wọ́n ń rí i.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun òfuurufú, Air Force, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó kúrò níbẹ̀ lọ sí Yunifásítì Virginia, ó jókòó ní sáà 2018, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún wọn láti 2019 títí di 2021. Ní Oṣù Kejìlá, 2021, akọ́nimọ̀ọ́gbá Virginia, Bronco Mendenhall, kéde pé òun ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Oluwatimi kọjá sí Michigan. Ní sáà 2022, òun ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ Rimington, tí wọ́n ń fún ẹni tí ó dára jù lọ ní ipò rẹ̀, àti ti Outland, tí wọ́n ń fún ẹni tí ó ta yọ jù lọ láàrin àwọn ìlà iwájú. Ní 2023, ẹgbẹ́ Seattle mú un wọ ìdíje àgbà.

Ẹ wò ó bí olólùfẹ́ mẹ́ta yóò ṣe sọ ìtàn kan yìí. Ti Air Force lè pè é ní ẹni tí kò dúró. Ti Virginia yóò dárò rẹ̀. Ti Michigan yóò kì í. Ìwà ẹnì kan náà ni, ibi tí olùsọ̀tàn jókòó sí ni ó yàtọ̀. Àwa tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ní orúkọ fún èyí: ojú ìwòye ni. Ìdájọ́ tí ó bá yí padà pátápátá nígbà tí a bá yí ìjókòó padà kì í ṣe ìdájọ́ lórí ìwà. Ìròyìn ọgbẹ́ ni.

6. Àlejò tí à ń kì

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lórí kókó yìí wá láti Indiana. Fún ìran púpọ̀, ìjákulẹ̀ ni orúkọ bọ́ọ̀lù ibẹ̀. Ní 2023, wọ́n borí nínú ìdíje 3, wọ́n pàdánù 9, wọ́n sì lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Wọ́n mú Curt Cignetti láti James Madison, ó sì kó eléré tí ó lé ní mẹ́wàá tẹ̀lé ara rẹ̀. Ní 2024, wọ́n borí nínú 11, wọ́n pàdánù 2. Fún sáà 2025, wọ́n mú Fernando Mendoza láti California, ẹni tí ipò rẹ̀ lórí pápá dà bí ti balógun. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Heisman. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún Oṣù Kìn-ín-ní, 2026, Indiana borí Miami, 27 sí 21, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè láìpàdánù ẹyọ kan.

Òjò tí ó rọ̀ ni ó kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá rí omijé ayọ̀ àwọn àgbàlagbà Indiana lọ́jọ́ náà kò lè sọ pé ayọ̀ ayédèrú ni. Kíákíá ni àlejò di ọmọ ilé. Kí ni èyí kọ́ wa? Pé olólùfẹ́ kò kórìíra ìṣípòpadà. Èyí tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jáde nìkan ni ó kórìíra.

7. Ibi tí ẹjọ́ olólùfẹ́ ti tọ́

Bí mo bá dúró síbí, mo ti rẹ́ bàbá onílé mi jẹ, nítorí ẹjọ́ tirẹ̀ náà ní ẹsẹ̀ tí ó fi dúró.

Èkíní, òun nìkan ni kò lè ṣí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìwé àdéhùn, eléré ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, yunifásítì ní owó tẹlifíṣọ̀n. Olólùfẹ́ kò ní ibì kankan láti lọ. Bí ó bá lọ, kì í ṣe olólùfẹ́ mọ́. Ẹni tí kò lè fi ibì kan sílẹ̀ ni ó ń ru gbogbo ìrora àwọn tí ó lè fi í sílẹ̀.

Èkejì, ó bẹ̀rù fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà, ẹ̀rù rẹ̀ sì mọ́gbọ́n dání. Ẹni tí ó bá yí yunifásítì padà lẹ́ẹ̀mẹta kì í sábà rí gbogbo iṣẹ́ tí ó ti kọ́ gbé lọ́wọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀, tí ibi tí wọ́n ti wá ti fi ẹlòmíràn dípò wọn, tí ibi tí wọ́n ń lọ kò sì ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn wọ̀nyí kì í sí nínú ìròyìn.

Ẹ̀kẹta, ó mọ̀ pé ilé kékeré ni ó ń tọ́mọ fún ilé ńlá. Ayọ̀ Indiana ni òfo James Madison, tí baba àti ọmọ jáde nínú rẹ̀. Olólùfẹ́ ibẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Gbogbo èyí jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ẹ̀bi ọ̀dọ́ ọmọ ogún ọdún. Ẹni tí ó ṣe òfin, ẹni tí ó ta ìdíje fún tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn olówó gọbọi fún akọ́nimọ̀ọ́gbá, àgbà ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, ọ̀dọ́ ni wọ́n ń pè ní ọ̀dàlẹ̀, nítorí orúkọ tirẹ̀ ni olólùfẹ́ mọ̀, ojú tirẹ̀ ni ó ń rí ní pápá.

8. Àgbálọgbábọ̀

Mo padà sọ́dọ̀ bàbá onílé mi. Ó ní, 'Ìyẹn yàtọ̀.' Mo gbà fún un báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́nà tí òun gbà wí i. Ó yàtọ̀ nítorí pé akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n lé ní ohun tí yóò jẹ, ó sì ní ọdún púpọ̀ níwájú láti tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ọ̀dọ́ tí ó lọ ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún àti ara tí eegun rẹ̀ lè ṣẹ́ lọ́la. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Olólùfẹ́ ń wo ẹ̀yìn, sí orúkọ ilé, sí èjìká baba rẹ̀. Eléré ń wo iwájú, sí ìgbésí ayé tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìfẹ́ ilé má di ẹ̀wọ̀n ọmọ ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ dúró, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn àgbà léèrè ìdí tí wọn kò fi dúró. Kí ó bi yunifásítì bóyá ẹni tí ó lọ ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí olólùfẹ́ bá lè pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń lé akọ́nimọ̀ọ́gbá kúrò lórí oyè, ohùn rẹ̀ tó láti béèrè ìwọ̀nyí pẹ̀lú. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Lọ́jọ́ tí mo ń kúrò ní ilé bàbá náà, bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń bá mi gbé ẹrù sínú ọkọ̀, mo rí i pé àwòrán ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́ta náà ṣì wà lára ògiri yàrá ìjókòó, nínú ẹ̀wù yunifásítì ìlú náà. N kò bi í léèrè ohunkóhun. Òun fúnra rẹ̀ ni ó rí ojú mi, tí ó sì ní, 'Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún wa rí.'